Mọ́tò Yín Ń Mu Ọ́ìlì? Ẹ Wọ̀n Ọ́n Ná, Kí Ẹ Tó Jẹ́ Kí Wọ́n Ṣí Ẹ́ńjìnì

Ìbéèrè kan yìí ni wọ́n máa ń bi mí jù: "Mo ṣe sáfíìsì lóṣù tó kọjá, ọ́ìlì ti wálẹ̀, mi ò rí ibi tó ń jò, mẹkáníìkì ní ríǹgì ara pístìnì inú ẹ́ńjìnì ti lọ, ó ní kí n lọ ra ẹ́ńjìnì míì, ṣé òótọ́ ló ń sọ?" Ìdáhùn mi ò yí padà rí: ó lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ ẹ̀yin ò tíì mọ̀, òun náà ò sì tíì mọ̀, torí kò sẹ́ni tó tíì wọ̀n ọ́n nínú ẹ̀yin méjèèjì.

Ó ti ṣe èmi náà rí. Camry 2008, èyí tá à ń pè ní Muscle, ẹ́ńjìnì 2.4, òun la fi ń gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé, òun la fi ń relé ọdún. Lọ́jọ́ kan à ń bọ̀ láti Ìbàdàn, bí mo ṣe ń yí bẹ́ńdì kan báyìí, iná pupa tó dà bíi bútà àlùwàlá lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tàn fìrí, ó kú. Ìyàwó mi ní "Kí nìyẹn?" Mo ní "Kò sí nǹkan kan." Irọ́ ni mo pa, àyà mi ti já. Ilé epo tó kàn la yà sí, mo fa géèjì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì, yọ, ó gbẹ, àfi ṣóńṣó ẹnu ẹ̀ nìkan ló tutù díẹ̀. Lítà 2 àti ààbọ̀ ni mo dà sí i kó tó dé F, àmì pé ó ti kún, nínú ẹ́ńjìnì tó jẹ́ pé lítà 4 àti díẹ̀ péré ló ń gbà lódindi.

Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá ò tiẹ̀ wo inú bónẹ́ẹ̀tì dáadáa tó fi ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ́ńjìnì yìí ti lọ o, mo ní Bẹ́ljíọ̀mù, ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀, tó mọ́ níbì kan." Mi ò dá a lóhùn. Ohun tí mo wá ṣe ni mo tò sísàlẹ̀ yìí, látorí èyí tí kò ná yín ní kọ́bọ̀ títí dórí èyí tó ń jẹ owó. Ẹ má fò ó, ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe wà.

Tí iná bútà yẹn bá tàn lórí ìrìn

Mo fi èyí ṣáájú torí ó lè ti ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì láàárọ̀ yìí.

1. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbi tí kò léwu, kí ẹ pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀. "Jẹ́ kí n rọra wà á délé" ló máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì nọ́ọ̀kì.
2. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 10, kí ẹ wo géèjì.
3. Tó bá ti wálẹ̀, ẹ da ọ́ìlì sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wá sítáàtì. Iná yẹn gbọ́dọ̀ kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan.
4. Tí ọ́ìlì bá wà ní F tí iná ò sì kú, ẹ pa á padà, ẹ pe ẹni tó máa wọ́ ọ.

Ẹ jọ̀ọ́, iná yẹn kì í ṣe iná "ọ́ìlì ti dín díẹ̀". Ohun tó ń sọ ni pé ọ́ìlì ò rí agbára sáré dé inú ẹ́ńjìnì mọ́. Nígbà tó bá fi máa tàn, ọ̀rọ̀ ti pẹ́, torí náà ẹni tó bá ní òun ń dúró de iná kóun tó wo ọ́ìlì, ńṣe ló ń ta tẹ́tẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń wo géèjì, torí ọ̀pọ̀ wa la ò mọ̀ ọ́n wò

1. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí mọ́tò wà. Iwájú ilé tó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ò dáa.
2. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná, ẹ pa á, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú 5 sí 10 kí ọ́ìlì tó wà lókè lè sàn wálẹ̀.
3. Ẹ fa géèjì yọ, ẹ fi tíṣù funfun nù ún, ẹ kì í bọ̀ ọ́ padà kó wọlé tán pátápátá, ẹ tún fà á yọ. Ìgbà kejì yìí lẹ máa kà.
4. Ẹ wo ojú méjèèjì. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá ga ju ìkejì lọ, èyí tó wà nísàlẹ̀ ni kí ẹ gbà.

Láàárín L, àmì pé ó ti dín jù, sí F, ó máa ń tó lítà 1 sí 1 àti ààbọ̀ nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, ẹ wo ìwé mọ́tò tiyín. Tó bá wà ní àárín, kò sí wàhálà. Tó bá kọjá F, wàhálà ni, torí kíráńkì, irin ńlá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, á máa lu ọ́ìlì bí ẹni ń po ẹ̀kọ, á máa hó, á sì wá ọ̀nà gba ojú síìlì jáde. Mo ti rí ẹni tó ní mọ́tò òun ń jò, kò sí nǹkan tó ṣe é, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ló da gálọ́ọ̀nù lítà 5 sí i tán.

Wíwọ̀n: ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ wà

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò:

- lítà 1 ọ́ìlì tó ní àmì ìwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike ẹ̀
- tíṣù àti páálí ńlá kan
- ìwé kékeré nínú mọ́tò, tàbí fóònù yín

Bí a ṣe ń ṣe é:

1. Ẹ ṣe sáfíìsì tuntun, ọ́ìlì àti fílítà, kí ẹ fúnra yín rí i pé ó wà ní F gẹ́lẹ́.
2. Ẹ kọ iye tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀.
3. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ra epo, tàbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ wo géèjì.
4. Tó bá ti wálẹ̀ dé bí àárín, ẹ fi kún un títí dé F, kí ẹ kọ iye tó wọlé sílẹ̀, àti iye tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà.
5. Ẹ ṣe é títí ẹ fi máa rin bíi 2,000 kìlómítà. Lẹ́yìn náà ẹ ro ó pọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí: tòkunbọ̀ tó bá ti Amẹ́ríkà wá, máìlì ló ń kà, kì í ṣe kìlómítà, máìlì 1 sì jẹ́ kìlómítà 1.6. Ẹni tó ní òun ń yí ọ́ìlì ní 5,000, tó sì jẹ́ máìlì ló ń wò, 8,000 kìlómítà ló fi ń lo ọ́ìlì kan, nínú ooru àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wa yìí. Mo ti bá èèyàn bíi mẹ́ta pàdé tó jẹ́ pé ibẹ̀ gangan ni wàhálà wọn ti bẹ̀rẹ̀, mọ́tò wọn ò mu ọ́ìlì ju ti ẹnikẹ́ni lọ, wọ́n kàn ń jẹ́ kó pẹ́ jù.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù? Fún ẹ́ńjìnì 2.4 inú Muscle 2007 sí 2009 yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní 2AZ-FE, ìwọ̀n tí Toyota fi ń dán an wò ní Amẹ́ríkà ni kọ́ọ̀tà kan, bíi lítà 0.95, láàárín máìlì 1,200, ìyẹn bíi 1,900 kìlómítà. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n gbà pé àìsàn ni. Èmi máa ń pín in báyìí o, èrò tèmi ni:

- Kò tó lítà 1 láàárín sáfíìsì sí sáfíìsì (5,000 kìlómítà): ẹ lọ sùn.
- Lítà 1 láàárín 2,000 sí 3,000: ẹ wá ìdí ẹ̀, àmọ́ ẹ má sáré.
- Lítà 1 láàárín 1,000 kìlómítà, tàbí kẹ́ ẹ má tiẹ̀ tíì rìn tó bẹ́ẹ̀ kó tó tán: ẹ má rin ọ̀nà jíjìn títí ẹ fi máa mọ ibi tó ń gbà lọ.

Tèmi, lítà 0.9 láàárín máìlì 700. Ẹ rí i pé ó ti ré kọjá. Àmọ́ mo ti ní nọ́ńbà lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò sì lè fi ẹnu lásán tan mí mọ́.

Ṣé ó ń jò ni?

Ọ̀nà méjì ni ọ́ìlì sábà máa ń gbà kúrò: kó jò síta, tàbí kó jóná nínú. Ẹ kọ́kọ́ wo ìta torí òun ló rọrùn.

1. Ẹ fọ ẹ́ńjìnì mọ́ ná. Lára ẹ́ńjìnì tó ti dọ̀tí tipẹ́, ẹ ò lè mọ èyí tó jò lónìí yàtọ̀ sí èyí tó jò lọ́dún tó kọjá. Ẹ fi ọ̀rá we ibi tí iná wà kí omi má wọ ọ́.
2. Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ mọ́tò lálẹ́. Láàárọ̀ ẹ wo àwọ̀ ohun tó kán: tó bá dúdú tàbí pupa rúsúrúsú bíi tíì, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ni, tó bá pupa fòò, gíà tàbí sítíárì ni, tó bá jẹ́ ewé tàbí pínǹkì, omi rédíétọ̀ ni, tó bá jẹ́ omi lásán, AC ni.
3. Ẹ wá a látòkè wá sísàlẹ̀, torí ọ́ìlì kì í gun òkè: gásíkẹ́ẹ̀tì táápẹ́ẹ̀tì kọ́fà (ìdérí orí ẹ́ńjìnì), ojú kọ́fà táímìn, suwíìsì ọ́ìlì, ìdí fílítà, nọ́ọ̀tì abẹ́ sọ́ǹpù (àwo tí ọ́ìlì ń dúró sí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì), síìlì kíráńkì iwájú, lẹ́yìn náà síìlì ẹ̀yìn láàárín ẹ́ńjìnì àti gíà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa Sienna 3.5, bíi ti 2007 sí 2010, ẹ dúró díẹ̀. Páìpù kan wà níbẹ̀ tó ń gbé ọ́ìlì lọ síbi VVT-i, ẹ̀rọ tó ń yí àsìkò tí fáàfù ń ṣí padà, rọ́bà wà láàárín ẹ̀. Tí rọ́bà yẹn bá bẹ́ lórí eré, ọ́ìlì á dà nù ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ́ńjìnì á sì gbé. Ẹ ní kí mẹkáníìkì yín wò ó lónìí, tó bá ṣì jẹ́ rọ́bà, ẹ fi odindi irin pààrọ̀ ẹ̀. Kò wọ́n rárá tẹ́ ẹ bá fi wé ẹ́ńjìnì.

Èéfín: ẹ kà á, àmọ́ ẹ má gbà á gbọ́ tán

Kí ẹlòmíì wà á, kí ẹ̀yin dúró lẹ́yìn ní ìta gbangba, ẹ má ṣe é nínú gáréèjì tí ẹ tì pa o, èéfín yẹn ń pa èèyàn.

- Búlúù láàárọ̀ nígbà tẹ́ ẹ sítáàtì, tó sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀: ẹ fura sí fáàfù síìlì, rọ́bà kékeré tó ń dí ọ́ìlì lára fáàfù.
- Búlúù tẹ́ ẹ bá tẹ tọ́tù tàbí tẹ́ ẹ bá ń gun òkè: ẹ fura sí ríǹgì.
- Funfun tí kò tán, tó ń rùn bí ohun dídùn, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín: tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ wò, ìyẹn ọ̀rọ̀ míì.
- Dúdú: epo ló pọ̀ jù, kì í ṣe ọ́ìlì.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣi èèyàn lọ́nà nìyí: mọ́tò tí katalísì ẹ̀, ohun tó ń fọ èéfín mọ́, ṣì wà nínú sàláńsà lè máa jó ọ́ìlì gan-an kẹ́ ẹ má rí èéfín kankan. Tèmi ò rú èéfín rí. Torí náà "kò rú èéfín, kò jẹ́ ríǹgì" kì í ṣe ọ̀rọ̀.

PCV àti pulọ́ọ̀gì: ẹ wò wọ́n kẹ́ ẹ tó náwó ńlá

PCV ni fáàfù kékeré tó ń fa afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnì padà lọ jóná. Tó bá dí tàbí tó bá há, afẹ́fẹ́ á ti ọ́ìlì gba ojú síìlì jáde, tàbí kó fà á wọ ibi tí wọ́n ti ń jó o.

1. Ẹ tú u, ẹ fì í létí. Èyí tó dáa máa ń ró kẹ̀ǹkẹ̀ǹ.
2. Ẹ fi họ́ọ̀sì kékeré fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i: látọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnì, ó gbọ́dọ̀ kọjá wẹ́rẹ́, látòdì kejì, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kọjá. Ẹ fẹ́ ẹ o, ẹ má fà á mu.
3. Ẹ wo họ́ọ̀sì ẹ̀ náà, kó má dí, kó má là.
4. Tó bá kọ ọ̀kan nínú gbogbo èyí, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ má fi epo fọ ọ́ kẹ́ ẹ dá a padà, tuntun ẹ̀ ò wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti wà níbẹ̀, ẹ tú pulọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ tò wọ́n sórí páálí bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Tí ọ́ìlì bá wà ní ara ẹ̀ lókè, nínú ihò tó ń wọ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì táápẹ́ẹ̀tì kọ́fà ló ń dà á síbẹ̀, iṣẹ́ wákàtí kan ni. Tí ọ́ìlì bá wà ní ẹnu ẹ̀ nísàlẹ̀ níbi tó ń tanná, tó dúdú, tó ń yọ̀, sílíńdà yẹn ló ń jó ọ́ìlì. Mẹkáníìkì kan wà tó fi ọ́ìlì òkè yìí han oníbàárà, ó ní "Ṣẹ́ ẹ rí i, ríǹgì ti lọ." Ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn gba owó lọ́wọ́ yín.

Kọ̀ǹpúréṣọ̀n

Èyí ni agbára tí sílíńdà fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Kí wọ́n dán sílíńdà kọ̀ọ̀kan wò, kí wọ́n kọ nọ́ńbà fún yín. Tí ọ̀kan bá wálẹ̀ gan-an ju àwọn yòókù lọ, kí wọ́n kán ọ́ìlì bíi ṣíbí tíì kan sí i, kí wọ́n tún un dán wò: tó bá gòkè, ríǹgì ni, tí kò bá kúrò lójú kan, fáàfù ni kí ẹ wò.

Àmọ́ tí gbogbo ẹ̀ bá dáa ńkọ́? Ẹ má tíì jó. Ríǹgì mẹ́ta ló wà lára pístìnì, méjì òkè ló ń mú kọ̀ǹpúréṣọ̀n, ìkẹta ló ń gbá ọ́ìlì wálẹ̀. Nínú 2AZ-FE, ìkẹta yẹn ni kábọ̀n, èérí dúdú tí ọ́ìlì tó jóná ń fi sílẹ̀, máa ń há mọ́lẹ̀, tó sì ń dí ihò wẹẹrẹ tí ọ́ìlì ń gbà padà. Ẹ́ńjìnì á lágbára, á ń sáré, kọ̀ǹpúréṣọ̀n á pé, á sì ń mu ọ́ìlì bí ẹni ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Bí tèmi ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Kí lẹ wá lè ṣe?

Láti orí èyí tó rọjú:

Ọ́ìlì tó yẹ. Ìwé Muscle ní 0W-20 tàbí 5W-20 (nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe nípọn tó, ó wà lára ike ẹ̀), àmọ́ ẹ́ńjìnì tó ti rìn jìnnà lè lo 5W-30 láìsí wàhálà, tó bá sì burú, 10W-30. Mo mọ̀ pé mẹkáníìkì yín á ní kí ẹ lọ da 20W-50 sí i "kó lè nípọn". Ó lè dín mímu ẹ̀ kù díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ láàárọ̀ ó máa ń pẹ́ kó tó gòkè dé orí ẹ́ńjìnì, VVT-i tó ń lo ihò tóóró ò sì fẹ́ràn ẹ̀. Èmi ò ní dà á sí tèmi. Ibi tí ẹ bá sì ti ra ọ́ìlì, ẹ wo ọmọrí ẹ̀ bóyá wọ́n ti ṣí i rí, ayédèrú pọ̀ níta.

Yíyí ọ́ìlì ní kíákíá. Ní 5,000 kìlómítà, kí ẹ má jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀.

Rírẹ pístìnì. Kẹ́míkà tó ń fọ kábọ̀n ni wọ́n máa dà sí ojú pístìnì. Ó máa ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíì, kì í ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíì. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe é:

1. Ẹ́ńjìnì á gbóná díẹ̀, wọ́n á pa á, wọ́n á tú pulọ́ọ̀gì.
2. Wọ́n á da kẹ́míkà díẹ̀ sí sílíńdà kọ̀ọ̀kan, á sùn mọ́jú. Kò gbọ́dọ̀ sí iná tàbí sìgá nítòsí.
3. Láàárọ̀ wọ́n á fi síríǹjì fa gbogbo èyí tó kù jáde.
4. Wọ́n á yọ fíúùsì epo, wọ́n á fi àkísà bo ojú ihò, wọ́n á wá kíkì í díẹ̀ láìsí pulọ́ọ̀gì. Ẹ má fo èyí. Pístìnì ò lè fún omi pọ̀, tó bá kù síbẹ̀ tẹ́ ẹ sì sítáàtì, kọ́nírọ́ọ̀dù, irin tó so pístìnì mọ́ kíráńkì, á tẹ̀, ẹ á wá ra ẹ́ńjìnì tí ẹ ń sá fún.
5. Ọ́ìlì àti fílítà tuntun *kí wọ́n tó* sítáàtì, torí kẹ́míkà yẹn ti sàn lọ sínú sọ́ǹpù. Kí ẹ tún un yí lẹ́yìn 1,000 kìlómítà.

Èéfín máa pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ kìlọ̀ fáwọn aládùúgbò.

Ríǹgì àti pístìnì. Tẹ́ ẹ bá máa ṣí 2AZ-FE, ẹ má ra ríǹgì nìkan. Nígbà tí Toyota ń tún un ṣe ní Amẹ́ríkà, pístìnì tuntun àti ríǹgì ni wọ́n ń fi sí i, torí ara pístìnì àtijọ́ náà ni wàhálà wà. Ríǹgì tuntun lórí pístìnì àtijọ́, ẹ á tún padà wá.

Ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀. Ó yá, ó sì rọrùn, àmọ́ 2AZ ti 2007 sí 2009 tẹ́ ẹ bá rà ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí ní Gate n'Ìbàdàn lè ní àìsàn kan náà, ẹni tó tà á fún yín náà ò lè mọ̀. Tẹ́ ẹ bá rà á:

- kí wọ́n yọ pulọ́ọ̀gì ẹ̀ níwájú yín
- kí ẹ ṣí ọmọrí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú. Tó bá dúdú bí ẹ̀gbin gọ́tà, ẹ máa lọ
- kí wọ́n kọ iye ọjọ́ tẹ́ ẹ fi lè dá a padà tí kò bá dáa sórí rìsíìtì
- kí ẹ lọ tún nọ́ńbà ẹ́ńjìnì ṣe nínú ìwé mọ́tò, kí ọlọ́pàá má baà dá yín dúró lọ́nà

Kí ẹ máa fi kún un. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣẹ̀sín. Tó bá jẹ́ lítà 1 láàárín 2,000 kìlómítà, ẹ ṣírò iye tí ọ́ìlì yẹn máa jẹ́ lọ́dún, kí ẹ fi wé owó ẹ́ńjìnì. Lójú mi, ìnáwó kékeré yẹn sàn jù fún mọ́tò tó ti dàgbà. Àbùkù ẹ̀ ni pé pulọ́ọ̀gì á máa tètè dọ̀tí, katalísì náà á bàjẹ́ níkẹyìn.

Àwọn àṣìṣe tí mo ń rí lójoojúmọ́

- Kí ẹ wo géèjì kété tí ẹ pa mọ́tò, ẹ rí i pé ó kéré, ẹ da lítà kan sí i.
- Kí ẹ da oògùn inú agolo tó ní òun ń "dá ẹ́ńjìnì padà" sí i kẹ́ ẹ tó wọ̀n. Ẹ ò ní mọ ohun tó ṣiṣẹ́.
- Kí ẹ yí nǹkan mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan, kí ẹ wọ̀n, kí ẹ tó ṣe èkejì.
- Kí ọmọ tàbí dẹ́rẹ́bà máa wa mọ́tò láìmọ̀ pé ó ń mu ọ́ìlì. Ẹ sọ fún wọn, ẹ fi bí wọ́n ṣe ń wo géèjì hàn wọ́n.
- Kí ẹ da ọ́ìlì àtijọ́ sí gọ́tà. Ẹ fi sínú gálọ́ọ̀nù, àwọn tó ń rà á ń bẹ ní mẹkáníìkì fílẹ́ẹ̀jì.

Tèmi wá ńkọ́? PCV ti há, mo pààrọ̀ ẹ̀, ó bọ́ sí lítà 0.9 láàárín máìlì 950. Mo pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì táápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, kò yàtọ̀ rárá, àmọ́ ihò pulọ́ọ̀gì gbẹ. Mo rẹ pístìnì lẹ́ẹ̀kan, kò ṣe nǹkan tó pọ̀, mo rẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó bọ́ sí lítà 0.9 láàárín máìlì 1,500. Ibẹ̀ ni mo fi í sí. Ike lítà kan wà nínú búùtù lẹ́gbẹ̀ẹ́ jáàkì, ìwé kékeré wà nínú àpótí iwájú, ìyàwó mi ló sì ń kọ ọ́ báyìí, torí ó ní òun ò gba "kò sí nǹkan kan" gbọ́ mọ́.